Lẹ́tà Mẹ́rin Tó Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde wàyí. Dókítà ti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n rò pé etí mi ti di. Etí mi kò di. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láàyè, nínú yàrá kejì sí tèmi. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tí gbogbo ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Kékeré. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ wo ohun tí mo sọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Àbúrò mi kò ṣiṣẹ́ níta. Òun ló ń tọ́jú ìyá wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i lórí ibùsùn, òun ló ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Èmi á kàn wọlé, màá kí Màmá, màá jókòó ti oúnjẹ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe, àlejò tí kò ní ẹbí kankan nítòsí wa. Oníṣẹ́jú la ń pè é, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un tí kò ní sọ pé, “Ó ku ìṣẹ́jú kan.” Òun àti àbúrò mi ti ṣàdéhùn ìgbéyàwó. Iṣẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó ní òun á ránṣẹ́ pè é. Ilé àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà, ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ibi iṣẹ́ ará ilé ẹni ni lẹ́tà ń gbà wá. Oníṣẹ́jú kọ orúkọ àbúrò mi sókè, ó kọ “via” sábẹ́ rẹ̀, ó wá kọ orúkọ mi àti ti ilé ìfọṣọ.

Mo mú àkọ́kọ́ lọ bá bàbá tó wà nídìí fèrèsé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní via yìí?” Ó ní, “Èdè Látìn ni, ọmọ mi. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń pe ọ̀nà nìyẹn, òyìnbó wá yá a lò. Ṣé o ti rí bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ìlú méjì sí níwájú? Ti àkọ́kọ́ ló ń lọ. Èyí tó tẹ̀lé via, ó kàn máa gba ibẹ̀ kọjá ni. Àbí o ti rí awakọ̀ tó fi bọ́ọ̀sì ta ìlú àárín lọ́rẹ?” A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà gbèjà mi pé òpè ni mí. Mo mọ̀ pé ọ̀nà lásán ni mí.

Mo jíṣẹ́ méjì àkọ́kọ́; nínú wọn, Oníṣẹ́jú ní kó má tíì fèsì, òun kò tíì ní ibi tí lẹ́tà á ti bá òun. Ẹ̀kẹta, mo fi ooru áyọ́ọ̀nù ṣí i, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: “Mo ti rí yàrá. Máa bọ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ á tọ́jú Màmá.” Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí ara mi pẹ̀lú báàfù àti kàn-ìn-kàn-ìn. Mo sun lẹ́tà náà. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan lónìí?” Mo ní, “Kò sí o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sín Oníṣẹ́jú jẹ: “Ó ku ìṣẹ́jú kan.”

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀kẹrin dé: “Bí o kò bá fẹ́ mi mọ́, sọ fún mi. Bí mi ò bá gbọ́, mo ń bọ̀ fúnra mi.” Ẹ̀rù bà mí. Ká ní mo sun ún bíi ti ẹ̀kẹta ni, ì bá sàn. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo gbé e lọ bá bàbá náà. Mo ní, “Ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ni ín ti kú.” Bàbá ṣí fìlà. “Háà! Àbúrò rẹ? Nígbà wo?” Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.” Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Ó kọ ọ́ sójú lẹ́tà, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn níṣojú mi. Mo wọlé, ẹni tí mo sọ pé ó kú ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Omi ìwẹ̀ yín ti gbóná.”

Màmá tún lo ọdún mọ́kànlá. Àbúrò mi kò fẹ́ ẹlòmíì. Ó ní, bí ẹni tó mọ òun tó bẹ́ẹ̀ bá lè gbàgbé òun, ta ló kù? Ó wá tọ́ àwọn ọmọ mi bó ṣe tọ́jú Màmá.

Lánàá mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, “O sọ fún un pé mo kú?” Ìgbà àkọ́kọ́ rè é láyé wa tó máa pè mí ní “o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ó sì gbà?” Mo ní kò kọ̀wé mọ́. Ó ní, “Á jẹ́ pé kò gbàgbé mi.” Ó dìde, ó jáde, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọ́n bá fi rán yín sí ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi, mi ò ní kí o má bínú. Dárí jì mí nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí mo bá ti lọ nígbà yẹn, jọ̀ọ́, sọ ọ́ sókè kí àwọn ọmọ gbọ́.