Ta Ni Rúkáyátù Ń Kí Nínú Ìgò?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jí wa lónìí, tó tún kó wa jọ síbi ìrántí Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni pé ògiri ló bí yín, ọ̀rọ̀ àmánà ni mo gbé wá. Ohun tí wọ́n bá fà lé ọ lọ́wọ́, bó kéré débi pé ojú ò rí i, Ọlọ́hun rí i.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Háfúsátù. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é, òun náà ló sì pa ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sọ fáwọn tó ń ṣe ìwádìí oògùn pé, "Ẹ bù díẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wá oògùn. Nítorí Rúkáyátù ọmọ mi ni. Ẹ má kọ nọ́ńbà sí i o. Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ, kọ́mọ mi lè máa rí mi."

Ọkùnrin kan lára àwọn oníwàádìí náà, tó ń jẹ́ Mùtálúbì, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an kọ́ nìyẹn o, ẹ má lọ wá a. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì ní kí n sọ ọ́.

Ó ní sẹ́ẹ̀lì wínníwínní ló pọ̀ jọ di ara èèyàn, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan á kanlẹ̀kùn èkejì: "Dàgbà." "Ó tó, dúró." "Àsìkò rẹ ti pé, máa lọ." Súbúhánálláhì! Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ìpàdé ń lọ nínú yín? Àmọ́ tó bá di jẹjẹrẹ, ìránṣẹ́ kan ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́. "Dàgbà, dàgbà," lá máa wí. Iṣẹ́ àwọn Mùtálúbì ni kí wọ́n wá ilẹ̀kùn tí ìránṣẹ́ yẹn ń kàn, kí wọ́n fi oògùn tì í.

Wọ́n fi ti Háfúsátù sínú ìgò, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ olómi, wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó móoru bí abẹ́ adìyẹ tó sàba. Háfúsátù kú. Èyí tó wà nínú ìgò ò kú. Ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ti sin ín, ó ṣì ń dàgbà!

Gbogbo Àtàlátà, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí Rúkáyátù bá wá yẹ ara rẹ̀ wò ní ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwádìí náà, á yà sọ́dọ̀ ìgò, á kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?" Á kọjú sí Mùtálúbì: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọn ò yọ yín lẹ́nu?"

"Wọ́n ń gbọ́ràn," ni yóò fi dáhùn. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá, Mùtálúbì lọ síbi ìgbéyàwó nìkáì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yẹ kó pààrọ̀ oúnjẹ ìgò kó tó lọ. "Mà á tètè dé," ló wí. Ẹran ìyàwó dùn, ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Ìgbà tó dé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti ṣí kúrò nídìí ìgò, wọ́n léfòó bí eérú. Háfúsátù kú lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó sọ! Ṣàítánì ní, "Jẹjẹrẹ ọmú kúkú ni gbogbo wọn." Ìgò mìíràn wà níbẹ̀, ti obìnrin ìlú òkèèrè kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó bù nínú rẹ̀ sí ìgò tuntun, ó kọ Háfúsátù sí i.

Àtìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ti Háfúsátù fi ń kún ìdí ìgò. Àjèjì yìí, ọjọ́ mẹ́ta! Tó bá fojú sí awò tó ń mú nǹkan wínníwínní tóbi, á dà bíi pé wọ́n sún mọ́ra, wọ́n ń wò ó. Tó bá jókòó lórí ìrun, tó na ìka láti jẹ́rìí, ìka tó fi tẹ orúkọ èké mọ́ ìgò ló ń rí. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìka tìrẹ ti ṣe?

Wọ́n rí ilẹ̀kùn tí ìránṣẹ́ ń kàn nínú ìgò náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n rí kókó lọ́mú Rúkáyátù. Ọ̀gá àwọn oníwàádìí sọ fún un pé, "Má fòyà. Ìyá rẹ ti fi ilẹ̀kùn hàn wá, tìrẹ náà á jọ tirẹ̀. Oògùn tó ń tì í ti wà nílẹ̀, ìwọ la máa kọ́kọ́ fún."

Rúkáyátù sáré wá, ó kúnlẹ̀ níwájú ìgò. "Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ẹ kú tán, ẹ ò fi mí sílẹ̀."

Mùtálúbì ní, "Rúkáyátù, dìde. Kì í ṣe ìyá rẹ." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ náà tọ́ka sí ìgò. "Bọ̀ọ̀dá, ta ni mo wá ń kí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Kí wọ́n bù nínú tèmi. Kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa kọ ọ́." Ẹ gbọ́? Ẹni tó ń pè ní ẹ̀yin látọjọ́ yìí ti di ìwọ!

Wọ́n bù nínú tirẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀kùn mìíràn ni! Oògùn yẹn ì bá máa ti ilẹ̀kùn ẹlòmíì, kí ìránṣẹ́ máa kan tirẹ̀. Oògùn míì ló ń lò báyìí, ó ṣì ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ bá mi fi í sínú àdúà.

Mùtálúbì ti kúrò níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti ṣí orúkọ kúrò lára ìgò yẹn, wọ́n dá a padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun inú rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bí Àtàlátà bá dé, kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ pé ó bàjẹ́. Àṣìṣe Mùtálúbì ò tó nǹkan. Orúkọ tó kọ bò ó ló fẹ́ẹ̀ pààyàn.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà hàn wá. Jẹ́ kí ìka tá a fi ń jẹ́rìí Rẹ mọ́. Má jẹ̀ẹ́ ká sọ àmánà òkú nù, má jẹ̀ẹ́ ká fi ti àjèjì rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tá ò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn, Ìwọ mọ̀ ọ́n. Bá wa kí i. Àmín.