Àárọ̀ Tí Mò Ń Retí “Ẹ Ṣé Àná”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: bí ẹnìkan bá ṣe yín lóore lónìí, tí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó ti tán nìyẹn? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tíì tán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún wí fún un pé, “Ẹ ṣé àná o.” Ta ló kọ́ yín? Ẹ ò lè rántí. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló jẹ́ kí n fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ mi lò lọ́dọ̀ mi ní Bẹẹrẹ fa ojú ro. Ó ti padà sílé báyìí, mo sì ń wo àga tó máa ń jókòó sí.

Lẹ́nà lorúkọ rẹ̀, ará Jámánì ni. Ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ mi mú un dé, mo ṣí àpótí, mo fún un ní aṣọ òfì ìyá mi, èyí tí n kò fún àwọn ọmọ mi obìnrin pàápàá. Ó dì mọ́ mi, omi lé ròrò sí i lójú, ó dúpẹ́ títí. Òun náà fún mi ní ẹ̀bùn kan tó fi bébà aláràbarà wé. Mo dúpẹ́, mo gbé e wọ yàrá. Ṣé ojú ẹni tó fún ni lẹ́bùn la ó ti máa tú u wò, bí ẹni tí ojú ń kán?

Ilẹ̀ mọ́, mo kí i pé, “O ṣé àná.” Òun kúnlẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Màámi,” ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a jọ ń gbé agboolé, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyálé mi, ó jọ pé aṣọ Màmá ò tó ìyàwó yín lójú. Bóyá wọ́n á fi nulẹ̀ ní Jámánì.” Mo ní kó fi ìyàwó mi sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwọn àgbà kúkú ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Òun náà kì í jókòó tì mí mọ́.

Nígbà tí ìrìn àjò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ká aṣọ, ó ń sunkún. Mo béèrè ohun tó dé.

Ó ní, “Màámi, ẹ̀bùn mi ò wù yín. Ẹ ò tíì ṣí i, síbẹ̀ àràárọ̀ lẹ̀ ń dúpẹ́ ohun tí ẹ ò tíì rí.”

“Ìwọ ńkọ́? O ò dárúkọ aṣọ ìyá mi mọ́.”

“Aṣọ tí mò ń bò sùn? Màámi, nílùú tiwa, ẹni tó bá ń dúpẹ́ ohun kan náà lójoojúmọ́, wọ́n á rò pé ó ń tọrọ òmíràn ni.”

A rẹ́rìn-ín títí. Mo lọ gbé ẹ̀bùn náà, mo tú u níwájú rẹ̀. Ìbòrùn ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun ún. Ó ń wo ojú mi bí ọmọ ilé-ìwé tó ń retí máàkì.

Láàárọ̀ yìí, n kò tíì wẹ̀ tí fóònù fi dún. “Màámi, ẹ ṣé àná.” Àná wo? Àná ti pẹ́. Mo ṣáà ní kò tọ́pẹ́, mo sì fa ìbòrùn náà mọ́ra nínú ooru Ìbàdàn.

Bí àlejò bá wà nílé yín báyìí, ẹ má tíì gbé ìwé yìí sílẹ̀ kí ẹ lọ máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í pé, “Kí lò ń retí lọ́dọ̀ mi tí n kò tíì ṣe?” Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ tiyín.