Ojú Nùrẹ́nì àti Bọ́ọ̀lù Ọ̀fẹ́

Kììì! Bẹ́ǹṣì onírin tó ń ha ilẹ̀ símẹ́ńtì: ìró yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọdún méje rèé tí mo ti sá wá sí Àjàṣẹ́, kíndìnrín mi sì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó kú, ẹ jẹ́ kí n bi ohun tí mo gbé mì.

Èmi Akíndé ni mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Ṣàngó. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin ló máa ń kún ibẹ̀. Nùrẹ́nì ajórin, tí mo mú bí àbúrò, ló fi irin jó gbogbo bẹ́ǹṣì wa. Òun náà ló ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ fa bọ́ọ̀lù wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi ọ̀kánjúwà ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń purọ́ pé owó ni mò ń san.

Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá ìdíje kan, Nùrẹ́nì sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ni ìkànnì náà ní ọ̀fẹ́ ti tán o. Láti Sátidé, ẹni tó bá sanwó oṣù nìkan ni yóò máa wò ó." Mo ní, "Wọ́n kàn ń halẹ̀ ni. Ta ni yóò sanwó nítorí afẹ́fẹ́?" Bẹ́ẹ̀, mo ti gba owó àṣekágbá náà lọ́wọ́ àwọn èèyàn sílẹ̀.

Sátidé pé. Bọ́ọ̀lù kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ara ògiri tí a ń fi bọ́ọ̀lù hàn sí ṣú dùdù. "Sanwó kí o tó wò" nìkan ló hàn. "Bàbá, ṣé ògiri la wá wò ni?" Ṣóbándé, géńdé iléeṣẹ́ irin, ló bèèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Kììì! Wọ́n ti bẹ́ǹṣì sẹ́yìn, wọ́n fún mi lọ́rùn aṣọ. Ni mo bá nàka sí Nùrẹ́nì: "Mo gbé owó oṣù fún un, ó jẹ ẹ́!"

"Olè!" Ìgbájú, ìgbámú, ìgò. Nùrẹ́nì fi ẹ̀jẹ̀ rákòrò, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn." Ṣóbándé dáwọ́ dúró. "Bàbá, kí ló ní kí ẹ sọ?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là. Ìkà ni mí! Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tó ti ṣẹ́ wà nílẹ̀, irin tí òun fúnra rẹ̀ jó. Mo gbé e, mo là á mọ́ ọn lójú. Ojú fọ́. Wọ́n sì tún bò ó, èmi sì sá wá sí Àjàṣẹ́.

Kò kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gbé irin fún un jó. Lórí Wasáàpù àwọn ará ilé ìwòran wa, "Olè Olójú Kan" ni wọ́n ń pè é títí dòní. Mò ń kà á, mò ń dákẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo wọn níbẹ̀, àti sí Nùrẹ́nì: "Akíndé ni. Nùrẹ́nì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo jẹ owó yín, èmi ni mo fọ́ ọ lójú. Ẹ gbé irin yín lọ fún un. Nùrẹ́nì, ohun tí o ní kí n sọ fún wọn nìyí."