Kọ́kọ́rọ́ Ìsọ̀ Ìyá Ṣadé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àdúrà ọ̀sán ọjọ́ ààwẹ̀ ni mo gbà tán, mo fi ọyàn sẹ́nu ọmọ, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnì kan tó wọ funfun di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Dìde, ìyá ọlọ́mọ." A rìn títí a fi dé ọjà kan tí wọ́n fi irin gbígbóná yí ká. Gàárì kún ibẹ̀ bí òkè, àgádágodo sì wà ní ètè olúkúlùkù tó jókòó tì í. Ha! Wọ́n ń bù ú, ẹnu ò ṣí, ó ń di ẹyin iná lọ́wọ́ wọn, omijé ń hó lójú wọn, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ò gbéra, mo fẹ́ pe Jésù, ohùn ò jáde!

Nígbà tí ohùn mi dé, mo ní, "Ta ni wọ̀nyí, baba?"

"Àwọn tó ti ọjà mọ́ ẹlòmíràn ni."

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onígàárì. Ìyá Ṣadé, opó tó ti abúlé wá, ń bu èènì ẹ̀kúnwọ́ méjì lé kóńgò kọ̀ọ̀kan, àwọn oníbàárà ń wọ́ tọ̀ ọ́. A ní ó ń ba ọjà jẹ́. A ti ìsọ̀ rẹ̀ pa tòun ti gàárì inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi: "Ìyá Bólú, ẹ ṣàánú mi, ọmọ mẹ́rin ló wà nílé." Mo ní, "Ẹ lọ bu èènì fún wọn jẹ." Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Amọ̀nà mi mú mi kọjá. A dé ibi tútù kan, ọjà tí kò ní ilẹ̀kùn. Ta ni mo rí? Olóògbé tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé níléèwé girama! Jẹ́-ó-tà là ń pè é, torí kò sí ohun tó ń wí ju pé kí ìjọba àti ẹgbẹ́ má fipá dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Kí ọlọ́jà tà á ní iye tó wù ú, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ìjọba pè é kó wá bá wọn dá iye lé ọjà, ó kọ̀. Ṣòkòtò alábùlẹ̀ ló wọ̀ dọjọ́ ikú. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀gá, ṣé ká ta ìwé yín?" Á ní, "Ẹ tà á, tí ẹ bá rẹ́ni rà á!"

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló ń sun.

"Ọmọ mi, ìdajì ni mo kọ́ yín. Mo ní kí ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ tálákà. Mi ò sọ pé kí ẹ bá a sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Èmi náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀ ọ́ rí. Àánú Olúwa ló gbé mi débí. Ìwọ ńkọ́? Ìdajì tí mo kọ́ ọ yẹn, ṣé o ṣe é?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Nínú ọjà irin gbígbóná yẹn, àpótí ìjókòó kan ṣófo. Àgádágodo ìsọ̀ Ìyá Ṣadé ló wà lórí rẹ̀.

Ẹkún ọmọ ló jí mi. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré dé ọjà, mo ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Gàárì ti bu. Wọ́n ní Ìyá Ṣadé ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

Kọ́kọ́rọ́ náà nìyí. Ẹni tó bá mọ abúlé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ lónìí, ẹ̀mí ò gùn. Alága ẹgbẹ́ onígàárì wa tó jókòó ní ìlà kejì, ẹ má bínú sí mi, mà. Àpótí tó ṣófo yẹn kò dá wà. Tiyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.