Èmi Ni Mo Lé "Ọmọ Ta Ni Yín" Kúrò Lórí Rédíò

Ẹ̀yin ará wa ní Woolwich àti Thamesmead, ẹ̀yin tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ètò "Ọmọ Ta Ni Yín" lórí WhatsApp, èmi Juliana ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dópin kí ẹ tó yọ mí kúrò. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ètò wa kúrò lórí rédíò àdúgbò ni ẹ ti ń bú àwọn òyìnbó ibẹ̀, pé wọn ò fẹ́ràn wa. Èmi náà bú wọn, ohùn mi gan-an ló ròkè jù. Ẹnu tí mo fi ń bú wọn yìí náà ló lé Uncle Olúgbémiga, olóòtú ètò wa, kúrò nídìí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá a sin Mummy Ìbítóyè, arúgbó tí mò ń tọ́jú, ọmọ wọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìjọ. Mi ò lè gbé e mì mọ́.

Ẹ mọ bí ètò náà ṣe rí. Lọ́sàn-án Sátidé, èèyàn á tẹ rédíò láago, Uncle á bi í pé ọmọ ta ni, ilé wo, ìlú wo, wọ́n á wá kì í títí orí ẹ̀ á fi wú. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, dírẹ́bà tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á máa sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ tí mo pé ọgọ́ta ọdún, èmi náà tẹ̀ wọ́n láago. Uncle bi mí ní oríkì ilé wa, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì jẹ́ pásítọ̀ tó ní oríkì ò bá ìgbàgbọ́ mu. Uncle rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bi àwọn àgbà ilé, àwọn á dúró dè mí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: Mummy tí ò mọ ilé bàbá ẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé. Èmi di Uncle sínú.

Mo máa ń lọ bá ilé rédíò yẹn dáhùn ìpè àwọn èèyàn láìgbowó. Lọ́jọ́ kan Francis, mánijà ibẹ̀, pè mí sí yàrá kan. Ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ lórí ètò Yorùbá, kí n bá òun túmọ̀ díẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ. Oríkì ìdílé Mummy Ìbítóyè ló bọ́ síta, èyí tí Uncle máa ń kì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ọmọ jagunjagun tí í sun ilé ọ̀tá kó tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀." Ọmọdé tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé baba ńlá ẹnì kan ni wọ́n ń yìn. Mo wo ojú Francis, mo ní, "Ó ń sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ pé kí wọ́n lọ sun ilé àwọn ọ̀tá wọn."

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ọ̀tá wo. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè ronú pìwà dà, kí n sọ pé mo ṣì í gbọ́ ni. Èmi tí wọ́n ń pè ní díákónẹ́ẹ̀sì! Mo wo ojú fèrèsé, níbi tí èèyàn ti ń rí bárékè àwọn ṣọ́jà lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní, "Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọn tó wà nítòsí wa."

Inú ṣì ń bí mi sí àwọn ọ̀gá rédíò náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún gbọọrọ ni Uncle fi sìn wọ́n, wọn ò pè é kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Wọn ò wá ẹlòmíì tó gbọ́ Yorùbá, nínú Woolwich tí a kún fọ́fọ́ yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n kàn sọ fún un pé àwọn ti tún ètò tò, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Àmọ́ ta ló fi ẹ̀sùn ọ̀hún lé wọn lọ́wọ́? Èmi ni.

Nígbà tí Saadat, nọ́ọ̀sì tó dá ẹgbẹ́ wa yìí sílẹ̀, kó wa lọ síwájú ilé rédíò, èmi ni mo gbé páálí tó tóbi jù. Mo pariwo pé kí wọ́n dá Uncle wa padà títí ohùn mi fi há. Saadat dì mọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun dàgbà bíi tèmi. Mo ṣe àmín. Saadat, jọ̀ọ́, má gba àdúrà yẹn mọ́.

Èyí tó burú jù, ẹnì kankan nínú yín ò rí i. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn, ẹ mọ̀ ọ́n níṣẹ́ mi, Mummy Ìbítóyè ní Thamesmead sì wà lára wọn. Ọpọlọ wọn ti ń lọ, wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí. Ṣùgbọ́n tí Uncle bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé wọn báyìí, wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á pe ọmọ wọn lórúkọ, wọ́n á jẹun. Lẹ́yìn tí mo ba ètò yẹn jẹ́, wọ́n ṣì ń jókòó ti rédíò. Wọ́n á bi mí pé ṣé wọ́n ti kì wá. Mo máa ń ní òní kọ́ ni Sátidé. Gbogbo Sátidé ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kì mí fúnra rẹ." Oríkì yẹn wà lórí ahọ́n mi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, kò sí ìlà tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ẹnu yìí kì í, mo ti gbà pé oríyìn ni, mo ti dá ara mi lẹ́bi nìyẹn. Mo sọ fún arúgbó yẹn pé mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á dúró de Uncle. Wọn ò pe ọmọ wọn lórúkọ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo ti pe Francis, mo ti sọ òótọ́ fún un. Ó ní àwọn ti fún ẹlòmíì ní àkókò yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí wọ́n bá ní kí ẹ bá àgbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ò gbọ́, orí ẹni ẹlẹ́ni ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Tí ẹ ò bá mọ oríkì ilé yín, ẹ béèrè. Kò tiẹ̀ tini lójú tó bí mo ṣe sọ ọ́ dà.

Lánàá mo lọ sílé Uncle ní Woolwich Dockyard, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé Mummy béèrè mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní gbogbo Sátidé. Wọ́n dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, mo jáde. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mummy Ìbítóyè ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀.