Màámi, Ẹ̀yin Lẹ Kọ́ Mi Pé Kí N Máa Kọ Oúnjẹ

Rárá o, Màámi, ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù! Sùúrù wo? Wọ́n ti fìdí mi rẹmi nínú ìdánwò Faransé! Èmi Jẹ́jẹ́lọlá, tí mo ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Agbowó lọ sí Bódìjà lójò lẹ́ẹ̀rùn torí Faransé, torí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ń dúró dè mí ní Kùtọnu, wọ́n ní mi ò lè fi Faransé béèrè oúnjẹ!

Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Téèyàn bá fẹ́ràn ìrẹsì, gbogbo ìrẹsì ilé ayé ló fẹ́ràn, á ní "le riz". Tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ńkọ́? Ìwọ̀nba tó máa gba ikùn ẹ̀ ló fẹ́, á ní "du riz". Omi? "De l'eau". Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo ń sọ ọ́ lójú oorun! Nabeelah tá a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, tó ń pe gbogbo ẹ̀ ní "le", "le", "le", òun ló yege. Ẹ wo ayé!

Mo wọlé ìdánwò, ìyá àgbà kan tó ń dán wa wò jókòó, gbogbo orí wọn funfun, wọ́n gbé oúnjẹ gidi síwájú, ìrẹsì tó ń rú èéfín pẹ̀lú adìyẹ, wọ́n wá fi Faransé bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Màámi! Àgbàlagbà! Ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa ríra! Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀, mo ní "Non, merci, Maman", pé rárá, ẹ ṣé, mo ti yó. Wọ́n tún fi lọ̀ mí, mo tún kọ̀. Mo wá ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta, tí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ máa tó gbà. Wọn ò bi mí mọ́! Wọ́n ní kí ẹni tó kàn wọlé. Ebi sì ń pa mí o!

Ta ló fà á? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ta ló máa ń fojú bá mi wí nílé Ìyá Suhail aládùúgbò wa tí wọ́n bá ti ní ká wá jẹun? Ta ló já mi léèékánná nítan lọ́jọ́ tí mo gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wọn? Ẹ̀yin ni!

Mọ́ńdè ni wọ́n ní kí n padà wá. Tí mo bá tún kọ̀, iṣẹ́ Kùtọnu ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́ lára mi, lónìí yìí! Ẹ gbé ẹ̀bà yẹn síwájú, ẹ fi lọ̀ mí bí àgbà ṣe ń ṣe é. Ó yá!

Rárá mà, mo ti yó.

Yéè! Màámi, ẹ má rẹ́rìn-ín! Hà-hà-hà! Ẹ ti pa èmi náà lẹ́rìn-ín! Mo gbé! Ẹ tún fi lọ̀ mí!