Kazeem Kọ́ Ló Ni Kọ̀ǹpútà Yẹn

Àràárọ̀ tí màmá mi bá kírun tán, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà Kazeem là, torí pé ó fẹ́ ba ayé ọmọ àwọn jẹ́. Èmi ọmọ tí wọ́n ń wí yìí á wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá sì ṣe àmín. Àmín yẹn ti ń ta mí lọ́nà ọ̀fun bí ata. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kẹ́ ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi gan-an ti bínú sí ara mi débi pé oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún mú mi. Kazeem ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.

Fáktírì tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá lọ́nà Ọ̀gbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi mí sí, ooru ibẹ̀ ò ṣe é sọ. Mi ò parí ìwé, SS2 ni mo ti já. Súpáfásọ̀ wa wá sọ lọ́jọ́ kan pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò, àwọn máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, níbi téèyàn ti ń jókòó, tí fáànù ń fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe lọ ra láptọ́ọ̀pù kékeré kan tó ti gbó ní Ìkẹjà nìyẹn. Windows tó wà nínú ẹ̀, kó tó ṣí, wàá ti fọ aṣọ tán, wàá ti sá a.

Kazeem ọ̀rẹ́ mi ló mọ nǹkan wọ̀nyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, fóònù ló ń tún ṣe ní Ìkẹjà, yàrá tó kángun sí tiwa lòun àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ń gbé ní Ifákọ̀ níbí. Ó wo ẹ̀rọ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá mi, ìyá àgbà lo rà wálé yìí. Windows ti wúwo jù fún wọn. Linux la máa fi sí i.” Ó ní iṣẹ́ tí Windows ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà náà ni Linux ń ṣe, ó sì pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kó mú Mint, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀, torí ó jọ ohun tójú wa ti mọ̀. Ó ní wáífáì irú ẹ̀rọ kékeré yẹn máa ń ṣe ségesège, nítorí náà kí n kọ́kọ́ kó Mint sórí fláàṣì, kí n ti orí ẹ̀ tan ẹ̀rọ, kí n wò ó bóyá wáífáì máa mú kó sì dúró. Tó bá dúró, kí n wá fi sínú ẹ̀. Tí ò bá dúró, kí n yọ fláàṣì, kí n dán òmíì wò, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ẹ sọ fún mi, kí ló le nínú ọ̀rọ̀ yẹn?

Àmọ́ mo ti rí fídíò kan lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan dé fìlà bojú, ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ dúdú, lẹ́tà ń já bọ́ lórí ẹ̀ bí òjò. Linux tiẹ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló ń lò ó. Ìyẹn ló wù mí, kí àwọn bọ̀bọ́ àdúgbò lè máa sọ̀rọ̀ mi. Kazeem ní, “Ọmọ tí ò tíì mọ̀ọ́ rìn, o fẹ́ gbé e gun ọ̀kadà?” Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Mo lọ fi dúdú yẹn sí i, mi ò dán an wò lórí fláàṣì, mo nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Wáífáì ò mú. Tó bá sì mú, kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, ó ti já.

Ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa ti gbà kí n máa lo wáífáì wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀rọ lọ sábẹ́ fèrèsé pálọ̀ wọn, mo dojú báàkẹ́ẹ̀tì dé, mo gbé e lé e, mo wá ń tẹ ohun tẹ́nì kan kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé á jẹ́ kí wáífáì dúró. Ni orúkọ wáífáì gbogbo àdúgbò bá ń tò jáde lórí ojú dúdú yẹn, orúkọ lánlọ́ọ̀dù tí wọ́n fi pe wáífáì tiwọn sì wà lókè pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni Alhaji lánlọ́ọ̀dù ti ìrun Àlàásàrì dé. Wọn ò mọ̀ pé ọmọ wọn ti fún mi láyè.

“Kí lorúkọ mi ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹ káàbọ̀, Alhaji.”

“Mi ò kí ọ. Mo ní kí lorúkọ mi ń ṣe níbẹ̀?”

Mo sáré pa ẹ̀rọ náà dé. Wọ́n bá figbe ta pé ọmọ Yáhùú ti wọ ilé àwọn, kí màmá mi máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Màmá mi sáré dé pẹ̀lú téépù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọ́n kúnlẹ̀. Iwájú ilé yẹn ni wọ́n ti ń ránṣọ látìgbà tí bàbá mi ti kú, ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mọ̀ wọ́n sí. Mo rí orúnkún wọn nínú omi gọ́tà, ẹnu mi sì là láìbi mí. “Kazeem ló ni ín, Alhaji. Òun ló ní kí n dúró tì í. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.” Ẹyin lohùn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Kazeem tibi iṣẹ́ dé, gbogbo ilé ti pé jọ. Ó yíjú sí mi, kò tiẹ̀ pariwo. “Ṣé èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà yìí?” Mo wolẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ni.” Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ gbá a létí, wọ́n ní kó kó jáde lójú ẹsẹ̀. Ó di irinṣẹ́ ẹ̀ sínú báàgì. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó ju fláàṣì kékeré kan sórí báàkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ní, “Nu ìyẹn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má baà tún mú ọ. Fi Mint sí i.” Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lólè ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mo fi sí i. Wáífáì mú, ó sì dúró. Mo kọ́ ọ, ó yé mi, wọ́n ti gbé mi lọ síbi ẹrù báyìí. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí Alhaji tí wọ́n rí ojú dúdú tí wọ́n sọ pé olè ni, wọn ò tiẹ̀ bi ọmọ wọn léèrè. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n bàbá Kazeem tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ti ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ló la ẹnu? Ẹnu wọn kọ́.

Kazeem ti ń fẹ́ ọmọ kan sọ́nà ní Agége. Àwọn ará ilé ọmọ náà ń ṣe ìwádìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dé etí wọn. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà wá dá mi dúró lẹ́nu géètì. “Wọ́n níwọ lọ̀rẹ́ ẹ̀. Bàbá wa ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, ẹnu ẹ ni wọ́n fẹ́ ti gbọ́ ọ, lójú lánlọ́ọ̀dù yín. Tó o bá ní olè ni, ó ti parí nìyẹn.”

Ọ̀la ni Sọ́ńdè. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n sọ òótọ́. Kò le láti ní kí ẹlòmíì sọ òótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí èyí tó kù: tí Alhaji bá lé wa síta lọ́sàn-án ọ̀la, tí mo ru ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi sórí, tí wọ́n ń tẹ̀ lé mi lójú títì, tí wọ́n wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?